Kì í Ṣe Èébú Ló Ń Ba Johannesburg Jẹ́

Ẹni tó bá jókòó nílé oúnjẹ wa ní Yeoville á ti gbọ́ ọ: "Ìsọkúsọ ló ba òṣèlú ìlú yìí jẹ́. Ká ní wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, nǹkan ì bá dára." Àwọn àgbà ń sọ ọ́, àwọn pásítọ̀ ń wàásù rẹ̀. Wọ́n á sì tọ́ka sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2015, nígbà tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú EFF pariwo mọ́ Ààrẹ Jacob Zuma ní Cape Town pé kó dá owó padà, tí wọ́n fi wọ́ wọn jáde. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni ẹ̀tẹ́ wọlé. Èmi ò gbà. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń pa wá lára.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Owó tí wọ́n ń pariwo lé lórí ni owó ìlú tí wọ́n ná sórí ilé Zuma ní Nkandla. Láti oṣù Kẹta ọdún 2014 ni Thuli Madonsela, ẹni tí òfin yàn láti gbèjà aráàlú, ti ní kí Zuma san lára rẹ̀ padà. Kí ni ìjọba ṣe? Nkosinathi Nhleko, mínísítà ọlọ́pàá, pe àwọn oníròyìn jọ, ó fi fídíò hàn wọ́n níbi tí àwọn panápaná ti ń fa omi nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nínú ọgbà Zuma. Ó ní omi ìpaná ni, kì í ṣe ti fàájì, nítorí náà Zuma ò jẹ kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn aṣòfin ANC, ẹgbẹ́ òṣèlú Zuma, dìbò láti gba ìwé àbọ̀ ìwádìí Nhleko wọlé. Wọ́n wọ ẹ̀wù kóòtù, wọ́n ń pe ara wọn ní ọlọ́lá, ohùn wọn tutù. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ilẹ̀ yìí, tó wà ní Braamfontein níbí, dájọ́ pé àti Zuma àti ilé aṣòfin ni kò ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe. Àwọn aláriwo ló sọ òótọ́. Àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ ló fọwọ́ sí irọ́.

Mo mọ òwe tí wọ́n á fi dá mi lóhùn, pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà ò ní ká máa yọ obì fún olè.

Ta ni ANC tó ń bínú sí ẹnu Julius Malema, olórí EFF, lọ́dún 2015? Ọmọ wọn ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn nígbà tó ní àwọn múra tán láti pààyàn nítorí Zuma. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Zuma yìn ín pé ó tó ẹni tí yóò darí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, ní Luthuli House, olú ilé ANC láàárín ìlú Johannesburg, Malema bú akọ̀ròyìn BBC kan, Jonah Fisher, ó sì lé e jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ ìbáwí ẹgbẹ́ pè é, wọ́n sì bu owó ìtanràn ráàǹdì 10,000 lé e. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn tó jẹ̀bi rẹ̀ o: ó fi Zuma wé Thabo Mbeki, ààrẹ tẹ́lẹ̀, lọ́nà tó tàbùkù Zuma. Èébú àlejò ò di ẹ̀bi fún un. Ọ̀gá ni wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Àwọn yòókù ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbò EFF ni ẹgbẹ́ òṣèlú DA fi gbé Herman Mashaba sórí oyè olórí ìlú yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Nígbà ìpolongo ọdún 2024, DA kan náà ló ń dẹ́rù ba àwọn olùdìbò pé bí ANC bá bá EFF dọ́wọ́ pọ̀, orílẹ̀-èdè parí nìyẹn. EFF ńkọ́, tó ń wàásù pé ọ̀kan ni gbogbo Áfíríkà? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Mashaba di ọkùnrin kan tó ń ti orí màlúù lórí ọmọlanke mú nígboro, ó sì kọ ọ́ síta pé òun ò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ fi òwò kéékèèké kó Ebola wọ̀lú. Lóòótọ́, ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n títí di àárín ọdún 2019, EFF ń bá a dìbò lọ. Nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2022, Malema fúnra rẹ̀ wọ ilé oúnjẹ ní Midrand, ó ń béèrè iye àlejò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin Yorùbá èèyàn wa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń sunkún Operation Dudula, ẹgbẹ́ tó ń lé àlejò, kí la sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí Bayo Onanuga, agbẹnusọ ìpolongo Tinubu ní Nàìjíríà, kọ ọ́ pé kí ọdún náà jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí àwọn Ìgbò máa dá sí òṣèlú Èkó? Àwọn kan lára wa pàtẹ́wọ́, ní Hillbrow níbí, nínú ilé tí wọ́n ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí lálẹ́ nítorí ẹ̀rù àwọn tó ń sọ ohun kan náà sí wa.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó pa èèyàn ní ìlú yìí ò ní ariwo nínú. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, iná jó ilé Usindiso ní Albert Street, ó kéré tán èèyàn 76 kú, àwọn ará Màláwì àti Tànsáníà wà lára wọn. Ilé ìjọba ìlú ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé àṣẹ ìrìnnà àwọn aláwọ̀ dúdú wò láyé apartheid. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Sisi Khampepe darí rí i pé ó pẹ́ jù, láti ọdún 2019 ni ìjọba ìlú ti mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Láàárín 2019 sí 2023, DA jọba, ANC jọba, ANC àti EFF sì tún gbé ẹgbẹ́ Al Jama-ah, tó ní ìjókòó 3 péré nínú 270, sórí oyè. Èmi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bú àwọn tó ń gbé ilé yẹn níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. N ò tiẹ̀ gbọ́ kí wọ́n dárúkọ wọn tó bẹ́ẹ̀. Kí eérú tó tutù, oníkálukú ti ń na ìka sí ẹgbẹ́ kejì, àwọn kan sì ń na tiwọn sí àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà tálákà.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé láti dìbò lára wa, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ má bi wọ́n léèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Ẹ bi wọ́n pé: nígbà tí ẹgbẹ́ yín wà lórí oyè, kí lẹ ṣe nípa ilé Albert Street? Ẹ bi ANC, ẹ bi DA, ẹ bi EFF, ohùn kan náà ni kí ẹ fi bi gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.