Ilé Ẹ̀kọ́ Ni Ilé Hip Hop

Bí a bá dárúkọ hip hop níwájú àwọn àgbà wa, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń rò ni ṣòkòtò tí kò dúró ní ìdí àti ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ níwájú ìyá ẹni. A kò lè sọ pé wọ́n parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbé àṣà yìí kan náà wọ inú ilé, tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀dọ́ ìlú ńlá, tí wọ́n sì rí i pé ṣíṣí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nira tó ṣíṣe àkóso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Cindy Campbell ya gbọ̀ngàn tí ó wà nínú ilé tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ní 1520 Sedgwick Avenue, Bronx, ní New York, kí ó lè rí owó ra aṣọ tí yóò wọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Sẹ́ǹtì 25 ni obìnrin san, ọkùnrin san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, ọmọ tí a bí ní Jamaica, tí ayé mọ̀ sí Kool Herc, ni ó ń yí àwo orin. Àwọn òpìtàn a máa yin ẹni tí ó yí àwo. Ẹni tí ó ya gbọ̀ngàn ni àwa yóò kọ́kọ́ yìn, nítorí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni hip hop ti nílò ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ibi tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Diadema, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó fara ti São Paulo ní Brazil. Ìlú náà há: ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 31 lọ, àwọn ènìyàn tí a kà níbẹ̀ ní 2022 sì lé ní 390,000. Àwọn tí wọ́n ṣí wá láti àríwá ìlà-oòrùn Brazil pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ agbègbè náà ni Nelson Triunfo, oníjó tí irun orí rẹ̀ kún bí adé, tí a bí ní 1954 ní Pernambuco, ìpínlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi orúkọ Ṣàngó pe gbogbo ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn èèyàn wa gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ológun tí ó gba àkóso ní 1964 kò tíì kógbá sílé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó ní gbangba òpópónà 24 de Maio ní àárín São Paulo. Àwọn ọlọ́pàá a máa lé wọn, wọ́n a sì máa mú wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀dọ́ fi ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní São Bento ṣe ibi ìpàdé. Ní 1999, ìjọba ìlú Diadema sọ ilé àṣà tí ó wà ní àdúgbò Canhema di Casa do Hip Hop, èyí tí í ṣe Ilé Hip Hop. Nelson Triunfo wà lára àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí ìjọba ń lé ní títì ni ìjọba pè wá kọ́ ọmọ lábẹ́ òrùlé.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́: yíyí àwo orin, rap, ijó break, àti yíya àwòrán sí ara ògiri. Àwọn tí wọ́n mọ àṣà náà dunjú a máa fi ìmọ̀ ṣe ìkarùn-ún. Ẹni tí ó bá rò pé eré ọwọ́ dilẹ̀ ni èyí kò tíì jókòó ti ọmọ tí ń gbìyànjú láti fi orí yí nílẹ̀. Lára àwọn Àyàn, ọmọ kì í fọwọ́ kan ìyá ìlù títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ omele. Bákan náà ni ẹni tí ń kọ́ yíyí àwo ṣe ń fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ibi kan ṣoṣo nínú orin, tí yóò máa dá a padà títí etí rẹ̀ yóò fi gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ọ̀gá wà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà, ìtìjú sì wà fún ẹni tí ó jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Kí ni a tún ń pè ní ilé ẹ̀kọ́?

Níhìn-ín ni àríyànjiyàn wa pẹ̀lú àwọn olóṣèlú wà. Ní 1999 kan náà, nínú ènìyàn 100,000 ní Diadema, ó lé ní 100 tí a pa. Ní 2002, ìjọba ìlú ṣe òfin pé kí àwọn ilé ọtí máa ti ilẹ̀kùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, ìpànìyàn dínkù púpọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbé oríyìn fún. Àwa kò ní gbé e fún ijó break. Òfin ilé ọtí wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ìdínkù ìpànìyàn tọrọ owó fún ilé àwọn ọ̀dọ́ ti gbẹ́ kòtò fún ilé náà: bí ìpànìyàn bá tún pọ̀, wọ́n á ní ilé náà kò wúlò, bí kò bá pọ̀ mọ́, wọ́n á ní kò sí ohun tí a ń náwó lé lórí mọ́. A kì í bi olùkọ́ ìṣirò pé olè mélòó ni ó dínkù ní àdúgbò rẹ̀. Ohun tí ọmọ mọ̀ ní ìparí ọdún tí kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi ilé hip hop léèrè.

Bí a bá gbà pé ilé ẹ̀kọ́ ni, owó oṣù di dandan fún olùkọ́. Àṣà burúkú kan wà, kì í sì í ṣe ní Brazil nìkan, pé akọ̀wé tí kò lè jó ni yóò gba owó oṣù, tí a ó sì fún ọ̀gá oníjó ní ìyìn àti omi mímu. Ó sì yẹ kí òfin dá ilé náà dúró, kí ó má jẹ́ pé olórí ìlú tuntun ni yóò máa pinnu bóyá iná yóò tàn níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ààbò ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ní 2016, àwọn ọkùnrin kan jáde ní New York, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó lókìkí jùlọ nínú àṣà yìí pé ó bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà tí àwọn wà ní ọmọdé. Ó sẹ́ kanlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wù kí ó rí, bí orúkọ ọ̀gá bá tóbi tó ìlú, àgbà kan ṣoṣo àti ọmọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 12 nígbà tí wọ́n ṣí ilé Canhema ti lé ní 35 báyìí, Nelson Triunfo fúnra rẹ̀ sì pé 70 ní 2024. Ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi àwọn alákòóso irú ilé yìí, níbikíbi tí wọ́n bá wà, ni pé: nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́, mélòó ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn?