Ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu ò tíì kú

Bí eegun ẹsẹ̀ bá kán ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọdé pàápàá mọ ilé ẹni tó ń to eegun. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, a mọ dókítà ojú. Ṣùgbọ́n bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, tí ọ̀rọ̀ tún há sí i lẹ́nu, ta là ń gbé e lọ bá? Àdúrà la máa ń gbà, a ó wá àgbo, a ó sì máa retí ọjọ́ tí ẹnu á là. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, ó sì tó àkókò kí ìlú tó tóbi tó tiwa yìí ní wọn.

Speech therapist ni òyìnbó ń pè wọ́n. Kì í ṣe olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ láti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù o. Oníṣẹ́ ìlera ni wọ́n. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ náà, ìgbìmọ̀ tí òfin 1988 dá sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú bíi ti físíò ló sì ń forúkọ tiwọn náà sílẹ̀. Ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, akólòlò, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là, àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, gbogbo wọn ni iṣẹ́ yìí kàn.

Wọ́n tún máa ń tọ́jú ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Rọpárọsẹ̀ lè ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, débi pé omi tí a rò pé aláìsàn ń mu á máa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Á máa ta á lórí, á máa húkọ́, tó bá yá, ẹ̀dọ̀fóró á kó àìsàn, èèyàn sì lè tibẹ̀ kú. A ó wá máa wá ẹni tó pa á kiri, láì rò ó pé ó lè jẹ́ ṣíbí ògì tí a fi ìfẹ́ fún un ní ìdùbúlẹ̀ ni.

Kí ló kan èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òfin ni mo kà, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Bàbá oníṣòwò kan wà ládùúgbò wa tí rọpárọsẹ̀ ṣe. Bó bá fẹ́ béèrè omi, “ilẹ̀kùn” ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ pé rárá, “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa sọ. Àwọn ẹbí ní orí Bàbá ti dàrú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí ilẹ̀ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń pín ogún òkú. Bàbá á máa wo ẹnu wọn, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló yé e.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e lọ bá oníṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ìyẹn ò fún un lóògùn kankan. Àwòrán ló tò síwájú rẹ̀: omi, oúnjẹ, ilé ìgbẹ́, owó, ilẹ̀. Ó ní kó máa nàka sí ohun tó bá fẹ́. Ó ní kó máa ka ení, èjì, kó máa kọ orin tó ti mọ̀ láti kékeré, torí pé ẹni tí kò lè sọ odidi gbólóhùn kan lè kọrin kí ọ̀rọ̀ inú orin náà jáde ketekete. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàbá nàka sí àwòrán ilẹ̀ níwájú ẹbí, ó sì mi orí pé rárá. Ọjọ́ yẹn ni ìpàdé tú ká.

Kóòtù ti mọ èyí tipẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ̀rọ̀ lè kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó fi àmì ṣe é níwájú adájọ́. Ìyẹn ni pé ọ̀tọ̀ ni ẹnu, ọ̀tọ̀ ni ọpọlọ. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, tún ní kí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá ń tọ́jú ẹni tó níṣòro ìbánisọ̀rọ̀ pèsè ọ̀nà àkànṣe tí wọ́n á fi máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lọ́la, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe é. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín, òun ni ẹjọ́ mi.

Àwọn kan á ní, “Dókítà gan-an ò tó, ẹ wá ń sọ ti ọ̀rọ̀ sísọ.” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ò béèrè ẹ̀rọ olówó gọbọi. Yàrá tó dákẹ́, àwòrán, dígí, àti ẹni tó mọṣẹ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wa. Ìwé ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ọmọ òyìnbó ò lè sọ bóyá ọmọ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ọmọ tó bá sì ń pe ilé ní “ulé” bíi ti ìyá àgbà rẹ̀, kò ṣàìsàn, Ìjẹ̀bú ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ò ṣeé fi falẹ̀. Ọmọ tó pé ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má fi “bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀” tu ara yín nínú. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn rí i pé oníṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀, ó kéré tán ẹyọ kan, wà nílé ìwòsàn ìjọba Ìjẹ̀bú-Òde. Kí Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun rí i pé olùkọ́ kankan ò jáde níbẹ̀ láì mọ àmì tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ nílò ìtọ́jú. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, aṣọ yín máa ń tàn yòò níbi Ojúde Ọba, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdún kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi rán ọmọ Ìjẹ̀bú kan lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àdéhùn pé á padà wá ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún kó tó ronú jápa. Ìwé àdéhùn náà, èmi á bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.