Ìgbì tí ọkọ̀ ọlọ́lá ń fi sẹ́yìn

Ọkọ̀ pákó ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà lójú ọ̀sà Èkó. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 ló ń tì í, àwa èrò inú rẹ̀ kò sì ju mẹ́jọ lọ. A ti kúrò ní èbúté Ìkòròdú fún bí ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ funfun kan yọ sí wa láti ẹ̀yìn, tó ń dán bí àwo tánganran. Ìjókòó aláwọ wà níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá méjì so mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń wà á rí wa, ó sì ṣe oore tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó dín iná kù díẹ̀. Bó ti dín in kù ni imú ọkọ̀ rẹ̀ ga sókè, ìdí rẹ̀ rì wọ omi, ó sì kọjá lọ.

Ọlọ́kọ̀ tiwa kò wo ọkọ̀ náà rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò. Ó pariwo pé kí gbogbo wa jókòó mọ́lẹ̀, ó sì yí imú ọkọ̀ wa kọjú sí ìgbì tó ń bọ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé wa sókè. Èkejì da omi sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta ló mú kí ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lé itan pe orúkọ Olúwa. Nígbà tí omi rọlẹ̀, ọlọ́kọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti gé lórí sí ọ̀dọ́kùnrin kan pé kó máa gbọ́n omi. Ó gbọ́n ọn títí a fi gúnlẹ̀.

Ọmọ Ìpáò-Èkìtì ni mí. Iṣu, kòkó àti gẹdú la mọ̀ nílé wa ju àjẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ ní èbúté lọ́jọ́ náà kan gbogbo ẹni tó ń gbé létí omi, ó sì kan àwa náà tí a ní dáàmù Ìtàpájì nítòsí.

Ọkọ̀ funfun yẹn ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ má rò pé ìlara ni. Àwọn tó gbóríyìn fún un pọ̀. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ mú bí imú àáké, nítorí náà ó ń la ìgbì ni, kì í gbá omi gbàgbà bí ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́. Wọ́n ní fáíbà kì í jò bíi pákó, ẹni tó ni ín kò ní máa di ojú ihò lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn ìyìn ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Èló ni epo rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì oní-300 kan lè mu tó 100 lítà ní wákàtí kan bí wọ́n bá fún un ní gbogbo iná. Méjì ló wà nídìí ọkọ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fi di ₦617 ní oṣù keje, eré wákàtí kan ti lé ní ₦120,000. Ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì 40 àti 75 wà ní gbogbo èbúté, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, àtàrí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Koríko ojú omi ńkọ́, èyí tó gba ọ̀nà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọlé sí Badagry ní 1984, tí kò sì lọ mọ́? Bó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ẹ́ńjìnnì, olówó àti tálákà ni yóò jọ dúró sójú kan.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló wọ̀ mí lára jù: ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń kọjá?

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ asáré bá ń rọra lọ, ìgbì rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá sáré dé góńgó, ó ń fò lórí omi ni, ìgbì rẹ̀ a sì kéré ju bí ojú ṣe rò lọ. Àárín méjèèjì ni ewu wà, ìgbà tí imú rẹ̀ bá ga tí ìdí rẹ̀ sì rì. Ìgbà yẹn ló ń túlẹ̀ omi bí katakata. Ẹni tó dín iná kù díẹ̀ nítorí tiwa rò pé òun ṣàánú wa. Àbọ̀ àánú ló ṣe, àbọ̀ àánú lójú omi sì burú ju kó má ṣe é rárá. Bí o bá fẹ́ ṣàánú ọkọ̀ kékeré, dín iná kù pátápátá, láti òkèèrè, kí imú ọkọ̀ rẹ wálẹ̀ kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gba ọ̀nà tó jìnnà sí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan. Ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti jẹ ìpìlẹ̀ ilé àtayébáyé débi pé wọ́n fi òfin dín eré kù sí nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí méje ní wákàtí kan nínú àwọn odò àárín ìlú. Bí ìgbì bá lè jẹ òkúta, kí la fẹ́ sọ nípa pákó?

Mi ò kórìíra ọkọ̀ tó rẹwà. Ní ilẹ̀ Ítálì yẹn kan náà, ní ìlú Sarnico létí adágún, ilé iṣẹ́ Riva ti ń kan ọkọ̀ láti 1842. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ Aquarama jáde ní 1962, igi tó bá ọ̀gànwó wa tan ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n kùn ún títí tí ó fi ń dán bíi dígí. Ẹni tó bá ti rí pákó ọ̀gànwó tí kápẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ní Ìkọ̀lé yóò mọ ìdí tí ọkàn èèyàn fi lè fà sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́lá ẹni. Ẹni tó fi owó òógùn rẹ̀ ra ọkọ̀ afẹ́, kó máa gbádùn rẹ̀.

Owó ìlú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger dànù lóru lágbègbè Pátégí ní Kwara, tí kò jìnnà sí àríwá Èkìtì. Igi tó wà nínú omi ni ọkọ̀ náà kọ lù, èrò inú rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí a rí ₦5.095 bílíọ̀nù fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ nínú àfikún ìsúná ₦2.17 tírílíọ̀nù. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣàlàyé pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré yọ owó náà kúrò, wọ́n fi kún owó yíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó fi di ₦10 bílíọ̀nù. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ń wá ibi tí owó tí a ó fi hú igi kúrò nínú odò Ọya wà, àti èyí tí a ó fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju ojú omi lọ. Ìjà lórí ẹni tó ni àṣẹ ojú omi ti parí: ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àjọ ìjọba àpapọ̀, NIWA, láre lórí àṣẹ ọ̀nà omi abẹ́lé. Ẹni tó gba àṣẹ ti gba ẹrù pẹ̀lú. Kí àjọ náà kọ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ asáré ní ohun tí mo kọ́ ní èbúté yẹn, kó sì mú ẹni tó bá kọ etí dídi sí i.

Mo lọ sí etí dáàmù Ìtàpájì nígbà tí mo padà wálé. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Apẹja kan jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, ó ń fi akèrègbè tí a là sí méjì gbọ́n omi tó jò wọlé. Mo wo etí ọkọ̀ rẹ̀: ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ga ju omi lọ. Bí ọkọ̀ afẹ́ bá ṣe àbọ̀ àánú fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán.

Mo fẹ́ kí àlejò máa wá wo dáàmù wa, kí àwọn ọ̀dọ́ sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá dé tí ìjọba tàbí olówó kan fẹ́ gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ fún. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ní ọkọ̀ kéékèèké níbẹ̀. Kí wọ́n sàmì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dé. Kí wọ́n má sì gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ wá, nítorí èyí tí kò bá jó nínú rẹ̀ yóò bọ́ sínú omi, omi mímu sì ni.

Àwọn baba wa ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń da omi sí, ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gba ìwọ̀n tí àwọn ọlọ́kọ̀ èbúté yẹn fi ń wọn ọkọ̀ rere. Ẹni tó bá kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun rẹ̀, tó wẹ̀yìn, tó rí i pé inú ọkọ̀ kékeré tí òun fi sílẹ̀ ṣì gbẹ, mo bá a yọ̀. Ọkọ̀ rere ló rà.