Ilẹ̀kùn Àbájáde Ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ará wa ní Warri àti Effurun, ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n tí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́.

Ìyá kan láàrin wa tó ń ta aṣọ ní ọjà Igbudu jí lọ́jọ́ kan, àkáǹtì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Owó ọjà wà níbẹ̀, owó àjọ wà níbẹ̀. Kí ló ṣe? Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi àkáǹtì yín gba owó kan." Ọmọ náà ta USDT, àṣé owó olówó tí wọ́n jí ni ẹni tó rà á fi san án. Olówó fẹjọ́ sùn, báǹkì tọ ipa owó títí ó fi bá a lọ́dọ̀ ìyá wa. Ta ni wọ́n máa mú? Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni.

Àwọn kan á ní ìjọba ló fà á. A gbà pé ìjọba ní ọwọ́ níbẹ̀. Ní February 2021, CBN pàṣẹ kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò krípítò pa. Ìyẹn ló sún ọ̀pọ̀ èèyàn sí P2P, kí ẹnì kan tà fún ẹnì kejì, kí owó gba àkáǹtì ara wọn kọjá. December 2023 ni CBN ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ okùn náà. Ní March 2024, Binance dá iṣẹ́ náírà dúró; ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fún àwọn èèyàn láti kó náírà wọn jáde.

Ṣùgbọ́n CBEX ńkọ́? Ṣé ìjọba ló ní ká lọ kówó síbẹ̀? Ìlérí ìlọ́po owó láàrin oṣù kan ló fà wá. Nígbà tó dojú rú ní April 2025, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 tàbí 200 dọ́là. Ẹni tó fẹ́ jáde ni wọ́n tún ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹ̀! Ní Ìbàdàn, àwọn tó bínú kó ẹrù inú ọ́fíìsì wọn. Ẹrù ni wọ́n rí kó, wọn ò rí owó.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣòwò krípítò. Àwọn ọmọ wa kan ń jẹun níbẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kó owó ńlá wọlé, ẹ fi kékeré wọlé, kẹ́ ẹ mú un jáde dé báǹkì yín. Tí orúkọ ẹni tó san owó bá yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó rà á, ẹ má gbà á. Ẹ má fi kọ́ìnì sílẹ̀ nítorí álẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Inú àkáǹtì gan-an ni kẹ́ ẹ ti rí owó.

Ẹ̀yin màmá àti bàbá, àkáǹtì yín kì í ṣe odó àdúgbò tí ẹnikẹ́ni lè wá gúnyán níbẹ̀. Ẹ má yá ọmọ kankan, ìbáà jẹ́ ọmọ inú yín. Owó àjọ ò sì gbọdọ̀ dé ibi krípítò rárá, torí owó ọlọ́wọ́ púpọ̀ ni. Àjò la wà. Tí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ara wa náà la ó máa sá bá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sétí àwọn tí ò lè kà.