Ọ̀rọ̀ Àwọn Òbí: Sáà Kìíní Tún Ti Wọlé

  Ìwé, báàgì, bàtà àti aṣọ ilé-ìwé ti gba ọwọ́ gbogbo wa. Ẹni tí ó bí ọmọ mẹ́rin kò níí béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá oṣù Kẹsàn-án ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ tuntun láti ìgbà tí ìwé ìròhìn wa ti jáde kẹ́yìn, a bá yín yọ̀, Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé ojú-ewé yìí kò kàn yín nítorí pé ọmọ yín ṣì ń mu ọyàn. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ọmọ ni. A bẹ̀ yín, ẹ mú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ yín jáde láti inú àpótí, kí ẹ mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ ti sáà tí ó kọjá, kí ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, iṣẹ́ ti dé bá yín nìyẹn, ó sì sàn kí ẹ ṣe é nísinsìnyí ju ìgbà mìíràn lọ.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń ta aṣọ ní agbègbè Terminus, fún wa láyè láti sọ ti ọmọ tirẹ̀ bí a kò bá dárúkọ òun. Ọmọ náà dé ìwé kẹfà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama ti ìjọba àpapọ̀, orúkọ mẹ́ta ni a bá lára ọmọ kan. Ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí pè é ní Bùráímọ̀. Tíṣà tí ó gbà á wọlé ní ìwé kìíní jẹ́ Hausa, ó sì kọ Ibrahim, nítorí bí òun ti mọ orúkọ náà nìyẹn. Kò ṣẹ̀ wá. Orúkọ bàbá ńkọ́? Nínú ìwé kan, bàbá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i; nínú èkejì, ó fi orúkọ bàbá tirẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti ń jẹ́ ẹ. Ọjọ́ ìbí pàápàá fi ọdún kan yàtọ̀, nítorí pé nígbà tí ọmọ pé ọdún márùn-ún, ẹnì kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pè é ní mẹ́fà kí ó lè tètè wọlé. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, wọ́n lọ búra níbẹ̀. Ó di ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròhìn, wọ́n lọ san owó ìkéde. Bàbá ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ohun tí ó dun ìyá jù ni pé ọmọ náà bi í léèrè ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, "Màmá, èwo gan-an ni orúkọ mi?"

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn Lámídì wa ti di Hamidu nínú ìwé tíṣà. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kọ Adéṣínà pẹ̀lú lẹ́tà h, ẹnì kejì kọ ọ́ láìsí h, ọmọ kan náà ni wọ́n sì ń kọ. A kò yọ ara wa sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ ojú-ewé yìí, a ní ọmọ méjì nínú ilé tí orúkọ bàbá wọn kò bára mu nínú ìwé, ọdún tí ó kọjá ni a sì tó tún un ṣe.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ ní sáà kìíní ni pé ìwé orúkọ tuntun ni tíṣà ń ṣí ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá lọ bá a láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó mú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi parí rẹ̀. Bí ó bá di ìwé kẹfà, adájọ́ ni yóò kù. Kí ẹ sì rántí pé orúkọ yìí náà ni yóò wọ inú nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò JAMB láìní í láti ọdún 2021. Àtúnṣe níbẹ̀ ń náni lówó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, káàdì ilé-ìwòsàn kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi kì í ṣe é pẹ̀lú. Àjọ tí ń ka ènìyàn, ìyẹn National Population Commission, ni ó ni í. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá àti ìyá fẹnu kò lórí bí a ó ti kọ orúkọ náà kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, kí wọ́n gbé e fún akọ̀wé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ lẹ́nu lásán níwájú akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ìwé kan tún wà tí ó ń fa wàhálà fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń jẹ́rìí pé ọmọ ìlú báyìí ni ẹnì kan. Ọmọ tí a bí ní Jenta, tí ó dàgbà ní Jenta, tí ó gbọ́ Hausa ju bàbá rẹ̀ lọ, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Kwara ni yóò máa jẹ́ nínú ìwé tí wọ́n bá ń gbà á sí ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, máàkì tí wọ́n sì là kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. A ti jà, a ti sọ̀rọ̀, bí ó ti rí nìyẹn títí di òní. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí fún ìpàdé ẹbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ayẹyẹ nìkan gba gbogbo ọjọ́ yín. Ìjọba ìbílẹ̀ máa ń ti ilé-iṣẹ́ nígbà ọdún, nítorí náà ẹ gbìyànjú láti débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ọdún. Ẹ lọ bá baálé ilé yín kí ó mọ ojú ọmọ náà. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní pàtàkì, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ó pín ìlú yín, ti Àríwá àti ti Gúúsù. Ẹ béèrè èyí tí agboolé yín wà kí ẹ tó lọ tò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Ẹnì kan lára wa tò láti àárọ̀ dé ọ̀sán ní èyí tí kò kàn án.

A dé ibi tí a mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí wa. Oṣù Kejìlá ni ọjà ń yá jù, oṣù Kejìlá náà sì ni ìdánwò sáà kìíní ń bọ́ sí. Lọ́dọọdún ni a ń rí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ń jókòó ti ìsọ̀, tí ó ń ká aṣọ, tí ó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìdánwò ìṣirò. Ọmọbìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. A mọ bí ọjà ti rí. Àwa náà ń tà. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti girama. Ìkìlọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Òótọ́ ni pé ₦2,000 kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin náà kò sì fi àyè sílẹ̀ pé kí ilé-ìwé ìjọba gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yín ní ìpele yìí, nítorí náà kí ẹni tí kò lówó má ṣe fi ojú pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn bàbá wa ti wá ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ìròhìn lásán ni fún Yorùbá tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni ìlú yìí wà. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 kí ìjọba àpapọ̀ tó mú irú rẹ̀ dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn tí wọ́n wà ní ọmọdé láàárín ọdún mọ́kànlélógún yẹn ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ràn láti sọ, a kò sì lè ṣàìsọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìjà Jọ́ọ̀sì bẹ́ sílẹ̀ ní 7 oṣù Kẹsàn-án 2001. Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni ti 28 oṣù Kọkànlá 2008. Inú sáà kìíní ni méjèèjì. Àwa tí a la ìgbà náà já mọ ohun tí ó jẹ́ láti máa sáré kiri láìmọ ibi tí ọmọ ẹni wà. A kò sọ pé yóò tún ṣẹlẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí à ń bẹ̀ fún ni kí ilé-ìwé ní nọ́ńbà fóònù ènìyàn méjì, kì í ṣe ti bàbá nìkan tí ó lè wà ní ìrìn-àjò. Kí ọmọ mọ orúkọ ẹni tí ó lè wá mú un, kí ó má sì bá ẹlòmíràn lọ. Kí ọ̀kan nínú àwọn méjì náà jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ Bẹ́róm, Hausa tàbí Ìgbò. Nígbà tí ọ̀nà dí ní ọdún náà lọ́hùn-ún, aládùúgbò ni ó fi ọmọ púpọ̀ nínú wa pamọ́.

Àwọn ìránnilétí kékeré wọ̀nyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni àjọ̀dún òmìnira, kò sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yan ọmọ yín fún yíyan, ẹ jẹ́ kí ó jẹun kí ó tó jáde, nítorí ìdúró nínú oòrùn ń pẹ́. Ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni ọjọ́ àwọn olùkọ́ ní gbogbo àgbáyé, láti ọdún 1994. Ẹ kí tíṣà. Ẹ̀bùn kò pọn dandan, ìkíni nìkan ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, ẹ béèrè ní ilé-ìwòsàn ìjọba nípa abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọyẹ́ ti Jọ́ọ̀sì kò dà bí ti ilé, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti oṣù Kọkànlá ni òwúrọ̀ yóò ti máa tutù débi pé ọwọ́ ọmọ kò ní lè di pẹ́ńsù mú. Súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe afẹ́ níhìn-ín. Ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó jáde, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ó dùn wá, nítorí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: ìbáà wà, ìbáà má sí, kò sí tíṣà tí yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Hausa ni yóò jẹ́. Ilé ni Yorùbá ti ọmọ wa wà. A ti rí ọmọ tí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀fà tí ó dúró gbagidi kí i, tí ìyá àgbà sì ń wo bàbá rẹ̀ lójú.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa bí sáà ti wọlé yìí, ní agogo mẹ́wàá títí di ọ̀sán. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni a ń gbà, ẹlẹ́sìn yòówù kí ó jẹ́. Kí ọmọ mú ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù wá, kí òbí sì bá a wá ní Sátidé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti bá yín yẹ orúkọ wò. Ẹni tí kò bá rí i nínú àpótí, kí ó wá bẹ́ẹ̀ náà. A ó sọ ibi tí yóò gbà fún un.