Ọ̀kun o, Arduino! Ẹ Kú Oríire Ogún Ọdún

Ọ̀kun o! Láàárọ̀, lálẹ́, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, bẹ́ẹ̀ là ń kí ara wa ní Kàbà. Ìkíni náà ló sì di orúkọ tí wọ́n fi mọ gbogbo wa, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Òun náà ni mo fi ń kí ọlọ́jọ́ìbí mi, pátákó ẹ̀rọ kékeré kan tí kò gùn tó káàdì ATM. Arduino pé ọmọ ogún ọdún ní 2025. Ẹ bá mi dáwọ̀ọ́ ìdùnnú!

Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n bí i sí. Àwọn àgbà wa tó ti ṣe akọ̀wé rí mọ ìlú yẹn láìfura: ibẹ̀ ni táípùráítà Olivetti ti wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ohun tí wọ́n bá gbẹ́ máa tanná, kó máa rìn, kó máa ké. Pátákó tó wà lọ́jà nígbà náà wọ́n jù fún wọn. Hernando Barragán, ọmọ Kòlóńbíà, ti la ọ̀nà sílẹ̀ pẹ̀lú pátákó tirẹ̀, Wiring, ní 2003. Ní 2005, Massimo Banzi, David Cuartielles, Tom Igoe, Gianluca Martino àti David Mellis gbé èyí tó dínwó jáde. Wọ́n wá sọ ọ́ ní orúkọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń pàdé, ilé ọtí tó ń jẹ́ orúkọ Arduino tó jọba Ítálì ní 1002. Ọba di ilé ọtí, ilé ọtí di pátákó. Ẹni tó bá mọ iye ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó ti jáde nídìí agbè ẹmu ní ilẹ̀ wa kò ní rẹ́rìn-ín.

Wọn ò fi àwòrán iṣẹ́ náà pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀, kó sì tà á. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ni tèmi, n kò sì tijú.

Dùùrù oníná, ìyẹn síńtísáísà, ni mo fi ṣe. Nígbà tí olórin William Onyeabor ń fi tirẹ̀ gbé àwo orin jáde ní Enugu, láti 1977 títí di 1985, ẹrù olówó ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tèmi wọ inú agolo bisikíìtì. Ọkàn rẹ̀ ni ATmega328P, odidi kọ̀ǹpútà nínú ike dúdú kan ṣoṣo. Àyè tó ní fún ètò kò ju kilobyte 32 lọ, ti ìrántí kò sì ju 2 lọ. Fọ́tò kan láti inú fóònù yín kò lè gbà síbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀: kó tan iná, kó pa á. Àmọ́ bó bá tan án tó pa á nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì so ó mọ́ sípíkà, ohùn "la" tí àwọn olórin fi ń tún ohùn èlò wọn ṣe lẹ máa gbọ́. Ohùn náà le o! Àfi bí agbọ́n tó há sínú ìgò.

Bí a ṣe ń rọ̀ ọ́ nìyí. A ó ya ìgbì ohùn kan sílẹ̀ bíi nọ́ńbà 256, ètò á máa kà wọ́n yípo, láìsinmi. Bó bá ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohùn á wálẹ̀. Bó bá ń fo àwọn kan, ohùn á ròkè. Mozzi, ètò tí Tim Barrass fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, ló ń bá mi kà á, nígbà 16,384 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rísítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan ń gé ariwo orí rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré LM386 ń gbé e sókè, sípíkà inú rédíò tó ti kú sì ń sọ ọ́ síta. Lálẹ́ àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo tú gbogbo wáyà palẹ̀ kí n tó rí i pé mi ò tíì so ilẹ̀ (ground) bátìrì mọ́ ilẹ̀ pátákó.

Ìgbà tó fọhùn tán ni mo rántí pé èdè wa gan-an, dò re mí ni. Mo fún dò ní 220, re ní 262, mí ní 330. Bí mo bá sún nọ́ńbà náà díẹ̀díẹ̀ láti mí sí dò, kàkà kó fò, ó ń dún bí ìgbà tí onígángan dẹ ọwọ́ lórí ọṣán. Mo wá kọ́ ọ ní ìkíni ilé: Ọ̀kun o, dò re re. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé "Ọ̀lẹ ni" ló ń wí, èmi ló sì ń bá wí. N kò lè jà á níyàn, dò re re lòun náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Qualcomm ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn fẹ́ ra Arduino. Àwọn kan ń kùn. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti pín kálé káko fún ogún ọdún, ta ni yóò lọ gbà á padà lọ́wọ́ àwa tí a jìnnà báyìí?

Mo gbé agolo mi síta nírọ̀lẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì. Dò re re. Ìyá tó wà lẹ́yìn ilé, tó ń fẹ́ná lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ọ̀kun o," ni wọ́n dáhùn. "Ta nìyẹn?"