Bọ́ọ̀lù Tó Bá Ọwọ́ Ọmọdé Mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá gba àdúgbò Ọ̀fà Garage kọjá ní Ìlọrin nírọ̀lẹ́ yóò rí bí òwe yìí ti ń ṣẹ. Lẹ́yìn ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò Ọ̀fà, àwọn ọmọdé a fi òkúta ṣe góòlù, wọn a sì máa gbá fẹlẹlẹ, bọ́ọ̀lù rọ́bà fífúyẹ́ tí owó rẹ̀ kò ga jù. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ra bàtà. Bí bọ́ọ̀lù bá ba oníkiri, inú lè bí i, ṣùgbọ́n kò ní fara gbọgbẹ́.

Eré mìíràn wà ní Ìlọrin tí kò tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù ni. Bí Yorùbá ti ń sọ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ kí a pe èyí ní bọ́ọ̀lù àfigigbá. Pápá rẹ̀ wà ní Adéwọlé, nínú ìlú kan náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tíì fọwọ́ kan igi rẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ kò farasin: bọ́ọ̀lù náà le, ó ń béèrè ìbọ̀wọ́ awọ àti akoto, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré.

Ìṣòro yìí ti bá àwọn ará Jàpáànì rí. Olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Horace Wilson, ni ìtàn sọ pé ó mú eré náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1872. Ní 1894, Chūman Kanae fún un ní orúkọ ní èdè wọn: yakyū, ìyẹn bọ́ọ̀lù orí pápá. Nígbà tó di nǹkan bí 1918, Suzuka Sakae ṣe bọ́ọ̀lù rọ́bà ní ìlú Kyoto fún àwọn ọmọdé, kí bọ́ọ̀lù líle má baà ṣe wọ́n léṣe. Nanshiki, oríṣi rírọ̀, ni wọ́n ń pe eré yìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré ní ilẹ̀ náà ló ń gbá a, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi í du ife ẹ̀yẹ ọba wọn.

Adùn rẹ̀ kò mọ sórí owó nìkan. Inú bọ́ọ̀lù rọ́bà yìí ṣófo. Bí igi bá bà á, a tẹ̀ wọnú, kì í sì í fò jìnnà bíi ti líle. Bó bá balẹ̀, a ta sókè gan-an. Nítorí náà, agbára apá nìkan kò tó. Eré sísá, ọgbọ́n orí àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń mú ayò wá.

Ẹnìkan lè sọ pé eré ọmọdé lásán nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ilé ẹ̀kọ́ girama Chukyo àti Sotoku pàdé nínú ìdíje gbogbo Jàpáànì, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Abala 9 ni ó yẹ kí eré náà ní, ṣùgbọ́n ó di abala 50, ó sì gba ọjọ́ 4 kí Chukyo tó borí pẹ̀lú ayò 3 sí òdo. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìnira bẹ́ẹ̀ jẹ ọmọ Ìlọrin, àmọ́ ta ni yóò tún pe èyí ní eré ṣákálá?

Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kwara gbìyànjú rẹ̀ wò. Bọ́ọ̀lù rọ́bà wà lọ́jà, káfíńtà lè gbẹ́ igi, pápá ilé ẹ̀kọ́ sì tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ dúró tì wọ́n o, nítorí igi tí a ń fì kì í mọ ojú. Kí kíláàsì Yorùbá náà má ṣe gbẹ́yìn: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù ni, ẹni tó ń hán an, ahánbọ́ọ̀lù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èdè rẹ̀ kọ́ eré kì yóò kà á sí ohun àjèjì.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí bọ́ọ̀lù rọ́bà bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà Garage, pápá Adéwọlé kò ní ṣàìrí àwọn tí yóò kún un lọ́la.